Orin Tí Wọ́n Dìde Fún

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n fi fídíò orin kan tí wọ́n pè ní “Sakété” han àwọn ará ìlú. Òyìnbó tó kọ ọ́ kò lò ju ọjọ́ méjì lọ ní ìlú wọn, Sakété. Nínú fídíò náà, ọgọ́ta ènìyàn ló ń fọn fèrè, tí wọ́n ń ta gòjé fún un.

Obìnrin kan tó máa ń yan gàrí tà jókòó sẹ́yìn, ó ń yínmú. Lójijì ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

“Màrúfátù, orin ìyá mi nìyẹn!”

“Èyí tí ìwọ náà fi ń bú ọ̀lẹ ọkọ rẹ?”

“Òun ni. Mo fi bú òyìnbó yẹn nídìí gàrí nígbà tó wá, ó ń gbà á sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n kí.”

Alága ìjókòó ṣí fìlà. “Ẹ dìde! Àdúrà àwọn ìyá wa nìyí.”

Gbogbo wọn dìde, wọ́n tẹrí ba. Màrúfátù náà dìde.

“Ìwọ náà?”

“Dákẹ́ jàre, wọ́n ń wò wá.”

Nígbà tí obìnrin tó ń yan gàrí náà délé, ọkọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé láti ibi ètò náà, ó ti na gbalaja sórí ẹní. Ìyàwó fi orin náà bú u. Ọkùnrin náà dìde, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba títí orin fi parí. Lẹ́yìn náà ó tún dùbúlẹ̀.

Èébú kan ṣoṣo tí ìyá obìnrin náà fi sílẹ̀ fún un ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.