Bébà Tó Ń Pariwo

Dókítà kì í gba aláìsàn gbọ́, àfi ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹnu ń purọ́," a máa wí, "ẹran ara kì í purọ́." Ọlọ́gbọ́n ayé! Bí ife bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ife ló ń yọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ń bá a de bọ́tìnnì, ẹni tó rán aṣọ ni kò mọṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, télọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ wọlé. Oṣù mẹ́ta ni àlùmọ́gàjí ti ń jábọ́ lọ́wọ́ télọ̀.

"Ọ̀lẹ ni, Dókítà," ìyàwó wí. "Bó bá dórí oúnjẹ, ọwọ́ ọ̀hún á jí."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," télọ̀ wí. "Bí ọwọ́ yìí bá lọ, kí ló kù mí kù?"

"Ẹ fara balẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó so mọ́ ẹ̀rọ yìí la ó tì bọ ẹran apá yín. Bí ara bá le, ẹ̀rọ á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ wá sápá bá ń kú, ẹ̀rọ á pariwo."

Ẹnu ẹ̀rọ ọ̀hún ti bàjẹ́ tipẹ́, orí bébà ló ń pariwo sí.

Àṣà Dókítà ni kó kọ́kọ́ gún ara rẹ̀, kí ojo má baà sá. Ó gún apá tirẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Bí ẹ̀fọn ni." Fóònù dún. Ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ó sọ ọ́ nù, ó ní kí nọ́ọ̀sì máa bá iṣẹ́ lọ, ó bọ́ síta.

Télọ̀ ń bọ́ aṣọ. Aṣọ fún pinpin, ó há mọ́ ọn lórí. Nọ́ọ̀sì ń fà, ìyàwó ń fà.

"Ẹ gbà mí o! Ẹni tó rán aṣọ kò lè bọ́ ọ!"

Dókítà padà dé, ó já bébà gbà lára ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ dán. "Áà! Ẹ wo ariwo, bí òjò orí páànù! Okùn ń kú, ẹran apá ń rù. Kò ní àtúnṣe. Tó bá fi máa tó ọdún méjì, ṣíbí ò ní ṣeé gbé. Ẹ yáa wá iṣẹ́ mìíràn."

Ìyàwó bú sẹ́kún. "Yéè! Ẹ foríjì mí, ọkọ mi, mo pè yín lọ́lẹ!"

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?" télọ̀ bèèrè láti inú aṣọ.

"Ẹ̀rọ mi kì í ṣì í," Dókítà dáhùn, bébà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bá a mú un nílẹ̀, ó na abẹ́rẹ́ tó yẹ kí wọ́n fi gún télọ̀ sí i nínú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò tíì ya, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò tíì gún wọn."