Apá Oòrùn

Iṣẹ́ ẹnì kan péré ló wà nílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ méjì ló sì ń dù ú.

Bàbá Pápá, tó ti ń tọ́jú pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ náà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, fẹ́ fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún ìsinmi, ó fa ìlà ẹfun la pápá bọ́ọ̀lù sí méjì. Ó ní ẹni tí koríko tirẹ̀ bá dára jù nígbà tí wọ́n bá wọlé padà ni òun máa fà lé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ta owó ẹyọ sókè. Gìrìpá, ọmọkùnrin inú àwọn méjèèjì, mú apá oòrùn. Àǹtí Koríko, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pe ọmọbìnrin náà, mú apá tí àwọn igi ńlá ṣíji bò.

Koríko kì í fẹ́ òjìji. Gbòǹgbò igi ń mu omi rẹ̀ nísàlẹ̀, ewé ń jábọ́ lé e látòkè. Bí ọmọbìnrin náà bá gbálẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ó tún ti kún.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Gìrìpá máa ń pariwo láti ẹnu gólì rẹ̀, "igi yín yìí, ọ̀mùtí paraku ni!"

"Máa rẹ́rìn-ín lọ. Ìwọ tí o kì í fọ tánkì."

Kò parọ́ mọ́ ọn. Tánkì kan náà tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń fín ajílẹ̀ olómi sí pápá, òun náà ni wọ́n fi ń fín oògùn apakoríko sí ẹsẹ̀ ògiri. Bí èèyàn ò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, ohun tó ń tọ́jú gan-an ló máa pa. Bàbá Pápá ti fa Gìrìpá létí lórí ọ̀rọ̀ yìí rí.

Ìsinmi ò tíì dé ìdajì tí ìyá ọmọbìnrin náà fi ṣubú ní balùwẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní ìlú kejì.

"Máa lọ," ni Bàbá Pápá wí. "Ìyá kọjá koríko."

Gìrìpá bá a gbé báàgì dé ibùdókọ̀. "Ẹ má ronú ilé, ẹ̀gbọ́n. Màmá ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́."

Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Síbẹ̀, ó gún un lára. Lórí àga tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ohun tó ń rò ni pé wọ́n gbé ẹnì kan sínú oòrùn, wọ́n gbé ẹnì kejì sábẹ́ igi, wọ́n wá ní kí àwọn méjèèjì máa sáré. Ta ló ní ìyẹn dọ́gba?

Lọ́jọ́ Àìkú, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ fọṣọ. Ó wọ ọkọ̀ padà. Ilé-ẹ̀kọ́ dá wáí. Ó rí i pé ẹnì kan ti ha ewé abẹ́ igi kúrò tónítóní, ó ní Bàbá Pápá ló ṣàánú òun. Apá oòrùn tutù yọ̀yọ̀, àfi bíi pé ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí yàrá irinṣẹ́, ó po oògùn apakoríko mọ́ omi, ó gbé tánkì kọ́ ẹ̀yìn, ó sì rìn lọ rìn bọ̀ lórí apá oòrùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, láìfo ibì kan. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi tánkì sílẹ̀ láìfọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti padà sí ọsibítù.

"Aṣọ dà?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Ó wà lórí okùn, Màmá."

Láti ọjọ́ náà, bí nọ́ọ̀sì bá ń yìn ín pé ọmọ rere ni, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, apá oòrùn ti gbẹ, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti ẹnu gólì dé ìlà àárín. Gìrìpá wà lórí eékún lábẹ́ igi, ó ń gbin koríko sójú ibi tó pá. Ọmọbìnrin náà rò ó pé ó ti fi tirẹ̀ tó kú sílẹ̀, ó wá ń bá òun tún tòun ṣe. Ojú tì í débi pé kò lè kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, màmá ńkọ́?"

"Ara wọn ti ń yá."

"Ẹ dákun, ẹ má bínú." Ojú Gìrìpá ti wú. "Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín. Mi ò mọ ohun tó ṣe é."

"Kí lo ń bẹ̀ mí fún?"

Kó tó dáhùn, Bàbá Pápá ti pè wọ́n sí yàrá irinṣẹ́. Bàbá gbé tánkì sórí tábìlì, ó ṣí ìdérí. Òórùn oògùn gba inú yàrá kan.

"Ta ló lo èyí gbẹ̀yìn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo fọ̀ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fọ̀ ọ́, mo fi ẹ̀mí mi búra."

"Ìgbàgbé kọ́ lèyí, Gìrìpá. Mo ti rin pápá náà látòkè délẹ̀, ẹni tó fín oògùn yìí kò fo ibì kan. Lọ kó ẹrù ẹ."

Gìrìpá wo ọmọbìnrin náà. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń retí pé kó sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin náà yíjú sí tánkì tó wà lórí tábìlì. Gìrìpá bọ́ bàtà iṣẹ́, ó nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ó dàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi kí màmá."

Ilẹ̀kùn padé.

"Iṣẹ́ ti di tìẹ," ni Bàbá Pápá wí. "Lọ́la, màá mú ẹ lọ rí ọ̀gá."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. "Bàbá, ẹ pè é padà. Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ."

"Má ṣàánú ẹ̀," ni Bàbá Pápá dá a lóhùn, "ọjọ́ kejì tó o lọ ló wá bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní apá abẹ́ igi, kí n fún ẹ ní apá oòrùn kí ìdíje lè dọ́gba, ó ní ká má tíì sọ fún ẹ kó lè yà ẹ́ lẹ́nu tó o bá dé, èmi náà sì gbà á gbọ́, mi ò mọ̀ pé ó ṣì máa padà wá pa koríko ẹ."