Ààwẹ̀ tí Oríọlá Gbà Nítorí Eré Ìje

Ẹ dákun, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín, ọkọ yín, tàbí àbúrò yín tó ń fi ipá wá ara rẹ̀ àtijọ́ kiri.

1.
Oríọlá ni àkọ́bí Màmá Adédèjì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀dọ̀jọmù, nílùú Oǹdó. Nígbà tó wà ní iléèwé girama, tí wọ́n bá ti yìnbọn eré ìje báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó kù ń wò. Ẹtu ni wọ́n ń pè é. Ó sáré fún ìpínlẹ̀ wa títí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ó ríṣẹ́ ìjọba sí Àkúrẹ́, ó fẹ́ Kíkẹ́lọmọ, wọ́n bí Ọmọ́táyọ̀. Ìdí tábìlì ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ikùn yọ, ọrùn ki.

Lọ́jọ́ ọdún tuntun, Lawrence, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò borí rẹ̀ rí nínú eré ìje kankan, yà kí wọn nílé Màmá. Bó ṣe rí Oríọlá lórí àga, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Háà, Màmá, ẹtu yín dà? Erinmi wo lẹ so mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ti Oríọlá kò dénú.

“Máa sọ ọ́ lọ. Jẹ́ kí eré ìje àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dé. Ẹ̀yìn mi náà lo máa tún wò.”

“Pẹ̀lú ikùn yìí? Bóyá ikùn ni yóò borí, ìwọ á wá máa bọ̀ lẹ́yìn!”

2.
Oríọlá kò sọ ọ̀rọ̀ náà nù. Nígbà tó padà sí Àkúrẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ rí dókítà.

“Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ yín ru gan-an. Ẹ máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ máa rìn, kí ẹ dín oúnjẹ alẹ́ kù. Ẹ má tíì sáré ìje o. Tó bá fi máa di ìparí ọdún, ara á ti fúyẹ́.”

Ìparí ọdún kẹ̀? Kí ọdún Àjíǹde tó dé ni eré ìje wọn.

Nínú ọkọ̀, ó ní, “Kíkẹ́, má jẹ́ kí Màámi gbọ́ o. O mọ̀ pé wọn ò ní sùn.”

“Ṣé wàá ṣe bí dókítà ṣe wí?”

“Màá ṣe é.”

Kò ṣe é. Ìgbà tí Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, bẹ̀rẹ̀ ló rí ibi fara pamọ́ sí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Nínú ilé wa, ta ló ń bi aláàwẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi jẹun? Tí ẹnìkan bá ti ní òun ń gbààwẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ó máa ń tó ọjọ́ méjì tí Oríọlá kò ní jẹun, tí kò ní mumi. Ó pa oògùn tì, nítorí pé lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n ní kó máa lò ó. Láàárọ̀, á wọ aṣọ òjò sábẹ́ ẹ̀wù kí ó lè làágùn dáadáa, á máa sáré káàkiri Ọ̀bà-Ilé tí wọ́n ń gbé.

3.
Nígbà tó wá kí Màmá ní Oǹdó, Màmá ti gúnyán dè é.

“Màámi, mo wà nínú ààwẹ̀.”

“Títí di ìrọ̀lẹ́ ni?”

“Ó di ọ̀la.”

Màmá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti jìn wọnú. Ó wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọlá, ọwọ́ rẹ mà ń gbọ̀n.”

“Ẹ̀mí ló bà lé mi, Màámi.”

“Àmín o, ọkọ mi.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bo iyán náà.

Ó dé ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ọmọ yangàn. “Oríọlá tèmi tí kì í rántí ààwẹ̀ rí! Ẹ wá wò ó!” Wọ́n bá a yọ̀. Wọn kò mọ̀ pé kì í ṣe Ọlọ́run ló ń torí rẹ̀ gbààwẹ̀. Lawrence ni.

4.
Ní Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, pápá iléèwé kún. Ṣòkòtò eré ìje àtijọ́ gba Oríọlá wẹ́kú. Màmá jókòó sábẹ́ àtíbàbà, Ọmọ́táyọ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n yìnbọn. Oríọlá yọ síwájú. “Ẹtu! Ẹtu!” ni gbogbo pápá ń ké. Màmá dìde, gèlè já bọ́, kò mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé òpin. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó rìn díẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wá dojú bolẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n rò pé ó ń dúpẹ́ ni. Ṣebí aláàwẹ̀ ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Màmá ń kígbe Halelúyà. Lawrence tó bá a níbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó yí i padà.

“Ẹ gbà mí o! Kò mí mọ́!”

Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀.

5.
Kíkẹ́lọmọ wólẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

“Màámi, ẹ dárí jì mí. Dókítà ní kó má sáré. Ọmọ yín ló ní n má sọ fún yín.”

“Ààwẹ̀ yẹn ńkọ́?”

“Torí kó lè rù ni, Màámi.”

Màmá kò sunkún. Ó ní, “Ebi ń pa ọmọ mi níṣojú mi, mo sì ń ṣe àmín.”

Lawrence jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè gbójú sókè. Ọmọ́táyọ̀ ń fa aṣọ rẹ̀: “Bùọ̀dá Lawrence, ṣé Dádì mi ló borí?”

Lawrence fà á mọ́ra.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò burú kí èèyàn fẹ́ kí ara òun fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ara tó fi ọ̀pọ̀ ọdún sanra, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan fipá gbà á padà. Ẹ má pa oògùn dókítà tì. Ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run bo ohun tí ẹ ń fi ojú ara yín rí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Àwa ìyá, bí ọmọ bá ní òun ń gbààwẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ ká bi í. Kó bínú, kó ṣáà wà láàyè. Ẹ̀yin tí wọ́n ní kí ẹ pa àṣírí àìsàn mọ́, ẹ sọ ọ́ jáde lónìí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.