Òyìnbó Àwìn àti Ẹnu Ìyá Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ẹnu tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ń tì lójú. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Ó láájò, kì í jalè, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wo ẹni tó jókòó tì yín, ẹ fara balẹ̀, mi ò tíì dárúkọ ẹnì kankan. Òyìnbó Àwìn là ń pè é.

Ìdí káńtà òtẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Gẹ̀ẹ́sì tí àlejò bá gbé wá ni òun náà á yá lò. Bí ará ibì kan bá pè é ní "méètì", ìyẹn ọ̀rẹ́, láàárọ̀, gbogbo wa ládùúgbò á di méètì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá di ọjọ́ kejì, ará ibòmíràn á pè é ní "bùró", àwa náà á tún di bùró. Bisikíìtì tó jẹ lánàá á di kúkì lónìí, bẹ́ẹ̀ páálí kan náà ló ti mú un jáde. A máa ń bi í pé, "Ta lo jẹ́ lónìí?" Á rẹ́rìn-ín, ó rò pé à ń yin òun ni.

Télọ̀ ni ìyá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ìyá yìí dà bí aṣọ tí wọ́n fi àgékù rán: ó kọ́ díẹ̀ lẹ́nu oníbàárà, ó gbọ́ díẹ̀ nínú rédíò, ó sì fúnra rẹ̀ dá ìyókù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín jáde. Síípù, téèpù, kọ́là, bọ́tìnnì: lẹ́nu rẹ̀ ni ọmọ yìí ti kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ mẹ́ṣìn, níbi tó ti ń fi bọ́tìnnì ṣeré.

Nígbà tó yá, Òyìnbó Àwìn rí nọ́ọ̀sì kan, ó fún un ní òrùka. Ọmọbìnrin náà ò gbọ́ èdè wa, ìyá ò sì gbọ́ èdè tiẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè pa àwọn méjèèjì pọ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ́ mú un wálé, ó lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí mẹ́ṣìn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá dé, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kàn máa rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín nìkan? Ṣé fọ́tò ló fẹ́ wá yà mí ni?"

"Màmá, Gẹ̀ẹ́sì yín yẹn..."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá wo òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa, ọmọ mi. Tí ìyẹn bá máa jẹ́ kó fẹ́ ọ."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, Òyìnbó Àwìn sọ fún un pé ohùn ìyá òun ti há. Ọmọbìnrin kí ìyá, ìyá rẹ́rìn-ín. Ó yin aṣọ tí ìyá gbé kọ́, ìyá tún rẹ́rìn-ín. Òyìnbó Àwìn nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Tí ọmọbìnrin bá sì fa ìparí ọ̀rọ̀ bí orin, bí àwọn èèyàn tiẹ̀ ṣe máa ń fà á, á ní, "Wọn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o, olólùfẹ́." Kí wọ́n tó dìde, ọmọbìnrin náà ti ń fi orí dáhùn.

Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ti ọ̀rẹ́ mi ò tiẹ̀ sáré jìnnà. Ẹ dákun, ta ló ń parọ́ àìsàn fún nọ́ọ̀sì?

Ọmọbìnrin ra oyin àti oògùn ọ̀fun, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù láì sọ fún ẹnì kankan. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ ohùn ìyá, tó ń dá oníbàárà kan lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni o, èmi ni mò ń tú u fún yín: "Ṣòkòtò ò kéré, bàbá. Ikùn yín ló dàgbà."

Ọmọbìnrin dúró, oyin lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà lọ, ó wọlé. "Màmá, ṣé ẹ ò fẹ́ràn mi ni?"

Ìyá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Èmi? Ẹni tí mo rẹ́rìn-ín sí títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí? Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ ni, ọmọ mi."

Kò sọ ẹni tó ní bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò sì bi í. Ó fa àga kan, ó jókòó, àwọn méjèèjì sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbé mì lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ló lọ bá Òyìnbó Àwìn ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó gbé òrùka sórí káńtà, níbi tí àlejò máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ sí tí wọ́n bá ń lọ. "Bí ìyá rẹ ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá tèmi náà ń sọ ọ́. Tí o bá dé ilé wa, ṣé wàá ní kí òun náà dákẹ́?"

Ọ̀rẹ́ mi la ẹnu. Nínú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó ti yá, kò sí ọ̀kan tó jáde.

Ẹ má rò pé ọmọbìnrin náà lọ pátápátá. Ìyá ò fi í sílẹ̀, òun náà ò fi ìyá sílẹ̀. Nígbà tó rí ọkọ mìíràn, ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ló gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wá. Ojú ìyá ti ń ṣú, kò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́. Ta ló bá a jókòó tó ń bá a rán ẹ̀yìn aṣọ náà? Òyìnbó Àwìn, ọmọ rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́, ó kàn dákẹ́ ni. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́.

"Màmá, ẹ fún mi ní bọ́tìnnì."

Bí ìyá ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà gan-an ló pè é, kì í ṣe bí àlejò òtẹ́ẹ̀lì. Ìyá kó o sí i lọ́wọ́, ó sì fọwọ́ pa á lórí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí, mo sì mọ̀ pé òwe odò àti orísun lẹ ń retí lẹ́nu mi; mi ò ní pa á. Ẹ yá ọ̀rọ̀ tó bá wù yín, gbogbo wa là ń yá a, àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì gan-an tiẹ̀ yá tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ àyálò pa ẹni tó kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín ń fetí sí bí ẹ ṣe ń bá ìyá yín sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ti ń mọ bí ẹ ó ṣe máa bá òun sọ̀rọ̀. Méètì mi, bùró mi, ẹ relé lọ kí màmá yín.