Kọ́kọ́rọ́ Mátírọ́ọ̀nù

Àǹtí Ìmọ̀ràn ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é, nítorí pé òun ló dàgbà jù láàárín wọn, àti pé kó tó padà sílé ẹ̀kọ́ láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ló ń ṣe. Àwọn tọkọtaya tí ilé wọn ti fẹ́ dà rú ló máa ń jókòó níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á wọlé, wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi fi iṣẹ́ gidi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dí ojú ọgbẹ́. Ó tún ní òun fẹ́ mọ ohun téèyàn lè ṣe lẹ́yìn tí ìjà bá ti parí. Ìdáhùn náà dùn mọ́ àwọn olùkọ́ nínú.

Wọ́ọ̀dù pàjáwìrì ni wọ́n fi í sí, lábẹ́ Mátírọ́ọ̀nù, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sábà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Ojú yẹn ló rí i pé oríkèé ìka Àǹtí Ìmọ̀ràn máa ń wú bí wọ́n bá ti ti ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ dé, tí àpá èékánná sì máa ń wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kó rán ojú ọgbẹ́, ó rán an pinpin, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Mátírọ́ọ̀nù bi í níbi tó ti kọ́ ọ. Ó ní ilé ni, ó sì yára gbé àwo abẹ́rẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló máa ń wá mú un nírọ̀lẹ́. Rédíò ló ń tún ṣe, géńdé ọkùnrin tó fẹ̀ débi pé bó bá dúró sí géètì, ọ̀nà dí nìyẹn. Ẹ̀wù alápá gígùn ló máa ń wọ̀, oòrùn ìbáà mú bí iná. Kì í wọlé, kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ohun kan náà ló máa ń bi ẹ̀ṣọ́ géètì lójoojúmọ́: ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ jù fún ìyàwó òun lónìí, ṣé ẹnikẹ́ni kò mú un bínú? Ẹ̀ṣọ́ ní òun kò tíì rí ọkọ tó ń kẹ́ ìyàwó tó báyẹn. Mátírọ́ọ̀nù ní ológbò náà máa ń jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́nu ihò eku.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé obìnrin kan dé tí ọkọ rẹ̀ ti fọ́ ìgò mọ́ lórí. Àǹtí Ìmọ̀ràn ń ṣa àfọ́kù ìgò kúrò nínú irun rẹ̀ nígbà tí ọkọ náà já ilẹ̀kùn wọlé, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó ní kí ìyàwó òun dìde káwọn máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì kan dí i lọ́nà, ọkùnrin náà fi ọ̀bẹ ya á lápá. Dókítà tó ga jù nínú wọn ló kọ́kọ́ wọ abẹ́ tábìlì. Àǹtí Ìmọ̀ràn fa irin tí wọ́n máa ń so ike omi ìtọ́jú kọ́ yọ, ó là á mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́, ọ̀bẹ já bọ́. Ó tún là á mọ́ ọn létí, ọkùnrin náà ṣubú, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àǹtí Ìmọ̀ràn ju irin sílẹ̀, ó gùn ún láyà, ó sì ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú lójú. Kò pariwo, kò bú u. Imú ọkùnrin náà fọ́, eyín rẹ̀ méjì bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀ débi pé kò lè bẹ̀bẹ̀ mọ́, ẹ̀ṣẹ́ ṣì ń bọ̀, àfìgbà tí Mátírọ́ọ̀nù gbá a mú láti ẹ̀yìn.

Gbogbo wọ́ọ̀dù ń kan sáárá sí i. Òun ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á. Mátírọ́ọ̀nù fà á wọ yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, “Ọkùnrin yẹn kọ́ lò ń lù.”

“Òun kọ́, mà.”

“Látìgbà wo ni ìjà ti wà nílé yín?”

“Ó ti pẹ́, mà. Iṣẹ́ ìmọ̀ràn ni mo ṣì ń ṣe nígbà yẹn. Ẹ̀bi mi ni.”

“Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ìjà yẹn máa pààyàn.”

“Mo mọ̀, mà,” ó ní, ó bú sẹ́kún. “Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.”

Mátírọ́ọ̀nù sọ fún un pé bí wọ́n ṣe lu ẹ̀gbọ́n òun pa nìyẹn, tí gbogbo ẹbí ń sọ pé kó ní sùúrù. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan lápò, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó ní yàrá kan wà lẹ́yìn ilé òun, ó ṣófo.

“Ọjọ́ tó bá tún gbọ́wọ́ sókè, má dúró kó aṣọ. Ibẹ̀ ni kó o sá lọ. Mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan.”

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀ṣọ́ géètì ti fi ayọ̀ ròyìn gbogbo ẹ̀ fún ọkọ kó tó rí ìyàwó. Ọkọ kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára aṣọ rẹ̀, ó wo oríkèé ìka rẹ̀ tó wú, wọ́n sì gba ilé lọ. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó pa fèrèsé dé. Ó tan rédíò, ó yí i sókè kí ará ilé kejì má bàa gbọ́ nǹkan kan. Àǹtí Ìmọ̀ràn ki ọwọ́ bọ àpò, ó di kọ́kọ́rọ́ náà mú. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì apá ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ká a sókè.

Àǹtí Ìmọ̀ràn di apá náà mú, apá tó kún fún ojú ọgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sí i tó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, “Ọjọ́ tí mo bá tún gbọ́wọ́ sókè sí ẹ, má dúró kó aṣọ.”