Ilé Ẹlẹ́yẹ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Abìyẹ́ mélòó lẹ ń sìn lẹ́yìnkùlé yín? Ogún? Mẹ́ta? Àbí ọ̀kan ṣoṣo tí ọmọ ọmọ yín fẹ́ràn? Ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá. Ẹ má fò ó, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, ẹ bá mi kà á kanlẹ̀. N ò kàwé púpọ̀, ẹ fojú fo àṣìkọ mi.

1.

Obìnrin àgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ márùn-ún ló ní, pẹ̀lú àgbébọ̀ adìẹ dúdú kan tó sọ ní Ìyálé. Ìyálé mọ̀ ọ́n sàba! Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń kó sábẹ́ rẹ̀, á pa gbogbo ẹ̀, á wá máa kó ọmọ ọlọ́mọ kiri bíi pé òun ló yé wọn. Láràárọ̀ làwọn pẹ́pẹ́yẹ ń lọ wẹ̀ ní adágún omi ìsàlẹ̀, níbi táwọn ẹyẹ ìgbẹ́ ń bà sí.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan láti ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran kanlẹ̀kùn, tòun tìwé lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Abìyẹ́ mélòó lẹ ní? Bó ṣe ọ̀kan, òfin ní ká kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi orúkọ pẹ́pẹ́yẹ ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ dìbò ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Torí àrùn ẹyẹ ni, mà. Tó bá dé, ẹni tó wà nínú ìwé la lè tètè kìlọ̀ fún. Ilé tá ò bá mọ̀, a ò ní yà níbẹ̀."

"N ò ní nǹkan kan. Ẹ máa lọ."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni pẹ́pẹ́yẹ ké lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Ti aládùúgbò nìyẹn."

Ẹ gbọ́ irọ́! Torí kí ni? Torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yọjú sí ẹ̀yìnkùlé òun. Ìwé tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

2.

Aládùúgbò náà ni Ìyá Ẹlẹ́yin. Opó ni, ọ̀ọ́dúnrún adìẹ ló ní, ẹyin wọn ló fi ń jẹun. Òun ti forúkọ sílẹ̀ ní tiẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ bímọ nílùú mìíràn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé adìẹ fún Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ.

"Ẹ̀yin nìkan ni mo lè gbé e fún, ẹ̀gbọ́n mi. Bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ máa wọ̀ wọlé o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ wọ̀ bọ̀."

"Ṣé yàrá ìyàwó ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ṣeré, bàtà máa ń gbé àrùn wọlé."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ gbọ́mọ ọmọ ẹ."

Lọ́jọ́ kẹta tó lọ, Ìyá Ẹlẹ́yin pè é. "Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé àrùn wà lára àwọn ẹyẹ adágún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí abìyẹ́ kankan wọlé tọ àwọn tèmi."

Ìkìlọ̀ ò dé sórí fóònù Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ní tiẹ̀. Ibo ni ì bá gbà dé? Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, pẹ́pẹ́yẹ méjì ti kú, ẹ̀kẹta ń yí lójú kan.

3.

Ó yẹ kó ké sí àwọn dókítà ẹran. Ó mú fóònù, ó tún gbé e sílẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣebí ẹ ní ẹ ò ní nǹkan kan?" Ojú ń tì í. Ó gbẹ́lẹ̀, ó sin òkú pẹ́pẹ́yẹ.

Ó wá wo Ìyálé. Ọkàn rẹ̀ ò gbà á pé kí èyí náà kú. Ó gbé e sábẹ́ apá, ó ṣí ilé adìẹ Ìyá Ẹlẹ́yin, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn àwọn àpò oúnjẹ.

"Ọjọ́ méjì péré," ló ń sọ fún adìẹ. "Ibí mọ́, àrùn ò ní rí ẹ níbí."

Ẹ sì wá wò ó o, ó pààrọ̀ bàtà! Ó wọ bàtà ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ní kó wọ̀ ọ́, ó wá gbé àrùn sábẹ́ apá wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyálé kú. Ó yọ ọ́ jáde, ó sin ín. Kò pẹ́ rárá tí ogbe orí àwọn adìẹ Ìyá Ẹlẹ́yin fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tí wọ́n ń ṣubú lulẹ̀, mẹ́wàá, ogún, ogójì. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó kù náà kú tán.

4.

Ìyá Ẹlẹ́yin sáré padà, òun fúnra rẹ̀ ló pe ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ìbòmú. Wọ́n pa gbogbo èyí tó kù. Ilé adìẹ wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Wọ́n bi Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ tó bá a fún adìẹ lóúnjẹ: "Ìyá, ẹ̀yin náà ń sin abìyẹ́?"

"Mo ti ta pẹ́pẹ́yẹ mi tipẹ́."

Wọ́n yẹ ìwé wò, wọn ò rí i níbẹ̀. Wọ́n yà sí gbogbo ilé tó wà nínú ìwé, wọ́n kọjá tiẹ̀. Ká ní wọ́n yà ni, wọn ì bá rí erùpẹ̀ tútù níbi tó sin wọ́n sí.

Ẹjọ́ wá bọ́ sórí Bàbá Alápò tó ń gbé oúnjẹ adìẹ kiri.

"Bàtà yín ló gbé e wá!" Ìyá Ẹlẹ́yin ń sunkún.

"Ìyá, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń já àpò sí. N ò wọlé rí."

Ta ló gbọ́? Ẹnikẹ́ni ò pè é wá sílé mọ́. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ dúró níbẹ̀ tòun tìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Ẹlẹ́yin fara tì í. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró tì mí."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ti dé ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló padà.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, bó ṣe abìyẹ́ kan. Tí ó bá kú, ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má sin ín, ẹ má sì gbé èyí tó kù lọ sílé onílé. Kẹ́ ẹ sì máa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ síra yín, títí á fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́yin àti Bàbá Alápò. Bàbá, ẹ̀yin kọ́. Àbúrò mi, kì í ṣe bàtà ẹnikẹ́ni. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ni. Èmi tí mò ń kọ èyí ni.