Ìyọ̀ǹda Akínladé

Nígbà tí Akínladé fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Jos, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹrù, wọ́n gba Ẹdẹ lọ. Òun ní òun ò lọ sílé lọ jókòó máa ka aláǹgbá lára ògiri. Iṣẹ́ télọ̀ ló wù ú. Ó fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kó tó kú, kó gbé pátákó sókè, kí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Bó ṣe di ọmọ iṣẹ́ Harold ní Àpáta, ní Jos níbẹ̀ náà, nìyẹn, tòun ti ewú lórí. Harold ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ òyìnbó awakùsà wo ni kò tíì rán ṣòkòtò fún?

Akínladé ń gbálẹ̀, ó ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù, ó ń tú èyí tó bá rán wọ́. "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó fún mi," ní í máa wí. Harold á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò bú u rí, kì í sì í jókòó bí Akínladé bá wà lóòró. Bí Lucy, ìyàwó Akínladé, bá gbé oúnjẹ dé, ọ̀gá á dúró kí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ bu òkèlè.

"Haba!" ni àwọn oníbàárà Hausa ń wí. "Irú ọ̀gá wo rèé?"

Iṣẹ́ wọ Akínladé lára. Kò pẹ́, èèyàn ò mọ kóòtù rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Harold mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti dárúkọ ọjọ́ ìyọ̀ǹda, tí ọ̀gá á dá a sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, Harold á ní, "Ẹ ṣì ní sùúrù díẹ̀." Àwọn oníbàárà ní ẹ̀rù ń bà á ni, kí arúgbó má baà kó iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ fi ọ̀gá yín sílẹ̀ jàre," ni Lucy ń wí fún ọkọ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ojú ń tì í ni."

Inú bí Akínladé. Ọjọ́ orí ò kúkú dúró de ẹnikẹ́ni. Ó bá gbéra, ó fẹjọ́ sun Olúdayọ̀, olórí ẹgbẹ́ télọ̀. Olúdayọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ránṣẹ́ pe Harold.

"Kí ló dé tí o ò dá wọn sílẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká fo ti ìdọ̀bálẹ̀, sà. Ká kàn gbàdúrà, ó parí."

"Ó tì o! Ọmọ iṣẹ́ tí ò bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá lójú ẹgbẹ́, kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù nílùú yìí. Òfin wa ni."

"Èmi ti ṣetán ní tèmi," ni Akínladé wí. "Ẹ fi sí Sátidé."

Nígbà tó di Sátidé, gbogbo télọ̀ pé pérépéré. Akínladé wọ kóòtù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà sílẹ̀. Kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀, nǹkan dún gbì níwájú rẹ̀: Harold ti nà gbalaja ṣáájú rẹ̀.

"Mo ti dá wọn sílẹ̀, kí ṣọ́ọ̀bù wọn gbè wọ́n o," Harold ké látinú eruku, "ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde, torí bàbá mi gan-an tó bí mi lọ́mọ ò ní dọ̀bálẹ̀ fún mi láéláé!"